Iṣẹ́ alẹ́ ní Nunavut: báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe ń rí oorun sùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Winnipeg, ní Canada. Wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́ alẹ́ ní Iqaluit, ní Nunavut, ní òkè àríwá Canada lọ́hùn-ún. Wọ́n ní òòrùn kì í yọ rárá níbẹ̀ nígbà òtútù, kì í sì í wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Báwo ni mo ṣe máa sùn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó di ẹrù. Iqaluit ò dé ibi tí òòrùn ti ń sọnù pátápátá. Nínú oṣù Kejìlá, ó ṣì máa ń yọ fún bíi wákàtí 4 lóòjọ́. Nínú oṣù Kẹfà, ó máa ń wọ̀ díẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ kì í ṣú dúdú. Igloolik, ìlú Nunavut míì tó wà lókè lọ́hùn-ún, ni òòrùn ti máa ń lọ níparí oṣù Kọkànlá, tí kì í padà títí di oṣù Kìíní. Ṣùgbọ́n má fi ìyẹn tu ara rẹ nínú, torí wákàtí 4 yẹn gan-an ni òṣìṣẹ́ alẹ́ fi ń sùn.

Ìmọ́lẹ̀ ni kó o mójú tó. Ojú ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́ tàbí pé ó ti ṣú. Máa lo ìmọ́lẹ̀ bí oògùn: ó ní àkókò, ó ní ìwọ̀n. Nígbà òtútù, ra iná ìtọ́jú tí agbára rẹ̀ tó 10,000 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀). Bó o bá jí nírọ̀lẹ́, gbé e síbi tí ìwé rẹ̀ ní kó o gbé e sí, fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú, bó o ṣe ń jẹun. Má tàn án rárá láàárọ̀ tó o bá tibi iṣẹ́ dé. Ẹni tó ní àrùn ojú tàbí bipolar (àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí inú èèyàn dùn jù nígbà kan, kó sì bàjẹ́ jù nígbà míì), kó kọ́kọ́ rí dókítà. Àwa aláwọ̀ dúdú tún gbọ́dọ̀ ronú nípa vitamin D, tí ara ń fi òòrùn ṣe. Àgbà tí kò tíì ju ẹni 70 ọdún lọ nílò 600 IU (ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára ike vitamin) lójúmọ́. Má kọjá 4,000 láìjẹ́ pé dókítà ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀.

Lójú tèmi, ẹ̀ẹ̀rùn ló le jù. Wọ awò dúdú tó o bá ń lọ sílé láàárọ̀, àfi tó bá jẹ́ ìwọ lo ń wakọ̀. Kọ́tìnì nìkan ò tó: ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ìrọ̀rí títí á fi bọ́ sí ọ lójú. Fi fóìlì tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ bo gíláàsì, kó o fi téèpù dí etí rẹ̀ yíká.

Aago 3 sí 5 ìdájí ni ara máa ń kú jù. Mu kọfí rẹ ṣáájú ọ̀gànjọ́, kó má bàa dí ọ lójú oorun láàárọ̀. Jẹ́ kí ẹlòmíì bá ọ wo ìwọ̀n oògùn kó o tó fún aláìsàn. Kó o sì máa wo ojú àwọn aláìsàn dáadáa. Ọ̀pọ̀ Inuit, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Nunavut, ló máa ń gbé irun òkè ojú sókè láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n á sì súnkì imú láti sọ pé rárá. Nọ́ọ̀sì tí oorun ń kùn á rò pé aláìsàn ò dáhùn, bẹ́ẹ̀ ó ti dáhùn.

Bí wọ́n bá wá ní kó o lọ sí ìlú kékeré, ọ̀rọ̀ yí padà. Iqaluit nìkan ló ní ilé ìwòsàn ńlá ní gbogbo Nunavut. Ní ìlú tó kù, nọ́ọ̀sì ló ń di ilé ìlera mú, dókítà sì sábà máa ń wà lórí fóònù. Kò sí títì láti ìlú kan sí èkejì. Bàálù ló ń gbé ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá le. O lè ti tọ́jú àwọn tí wọ́n gbé láti Kivalliq, agbègbè kan ní Nunavut, wá sí Winnipeg lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Bí ìjì yìnyín bá dé, bàálù ò ní gbéra, ìwọ lo sì máa dúró ti aláìsàn náà títí ojú ọjọ́ á fi là. Wọ́n lè pè ọ́ lóru lẹ́yìn tó o ti ṣiṣẹ́ látàárọ̀, nítorí náà, sùn nígbàkigbà tí àyè bá yọ.

Kó o tó fọwọ́ síwèé, béèrè bóyá alẹ́ nìkan ni, àbí wọ́n á máa yí i mọ́ iṣẹ́ ọ̀sán, àti alẹ́ mélòó lo máa ṣe tẹ̀léra. Béèrè bóyá ìwọ nìkan lo máa gbé ilé tí wọ́n fẹ́ fún ọ. Bí ẹ bá máa jọ pín in, sọ àkókò oorun rẹ fún ẹni kejì láti ọjọ́ àkọ́kọ́.