Tí ẹ bá ń mú màmá lọ sí Hoshinoya Tokyo, ẹ mú obìnrin kan dání

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ ní ẹ fẹ́ mú wọn láti London lọ sí Tokyo fún ọjọ́ ìbí ọdún 70 wọn, ẹ sì ń bèèrè bóyá ilé àlejò Hoshinoya Tokyo tó owó tí wọ́n ń gbà, àti bóyá àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lè gbádùn rẹ̀. Saitama, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tokyo, ni mò ń gbé, ó sì ti pẹ́. Mo ti mú màmá tèmi náà débẹ̀ nígbà tí wọ́n wá kí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́, orúnkún tiwọn náà ò sì gbóògùn. Èsì mi ni pé kí ẹ lọ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin àti màmá nìkan. Ẹ mú ìyàwó yín tàbí àbúrò yín obìnrin dání. Ibi ìwẹ̀ ló fà á, màá dé orí rẹ̀.

Kí a tó dé Hoshinoya, a ti kọ́kọ́ sùn ní ilé àlejò ìbílẹ̀ kan lórí òkè, irú èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní ryokan. Ilé náà lẹ́wà, ọwọ́ àwọn tó ni ín sì dẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí lífìtì, àtẹ̀gùn ni màmá mi gùn dé yàrá. Ilẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ibùsùn sí, ilẹ̀ náà la jókòó sí jẹun alẹ́, tí oúnjẹ ń wọlé nínú abọ́ kéékèèké, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Nígbà tó tó àkókò àtidìde, ẹsẹ̀ wọn ti kú. Èmi di apá kan mú, obìnrin tó ń gbé oúnjẹ di apá kejì mú, ká tó lè gbé wọn nàró. Omijé bọ́ lójú màmá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò sì fẹ́ kí màmá ẹlòmíràn rí irú rẹ̀.

Hoshinoya Tokyo gba orúkọ ryokan, ṣùgbọ́n ilé gogoro ni, láàárín àwọn báǹkì ní àdúgbò Otemachi, níbi tí a ti lè fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Tokyo. Oṣù keje ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i. Ilé iṣẹ́ Hoshino Resorts ló ń darí rẹ̀, àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ gbígba àlejò láti 1914, nígbà tí wọ́n ṣí ilé wọn àkọ́kọ́ ní ìlú Karuizawa. Àjà 17 ni, yàrá 84, mẹ́fà péré lórí àjà kọ̀ọ̀kan tí yàrá wà. Ẹ má fojú kéré mẹ́fà yẹn o. Àjà kọ̀ọ̀kan ní pálọ̀ tirẹ̀ fún àwọn tó sùn níbẹ̀, tíì àti ìpanu sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Màmá mi kì í sùn mọ́jú, ìdájí ni wọ́n ń jí gbàdúrà. Ibẹ̀ ni mo ti lọ bá wọn láàárọ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí ẹní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tatami, ife tíì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń bá ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ìyẹn náà ń dá wọn lóhùn ní èdè tirẹ̀. Ara tù wọ́n.

Ẹnu ọ̀nà lẹ ti máa bọ́ bàtà. Òṣìṣẹ́ á gbà á, á tọ́jú rẹ̀ sínú àwọn àpótí onígi tó kún ara ògiri débi àjà. Láti ibẹ̀, orí tatami lẹ ó máa tẹ̀: ọ̀nà àbákọjá, yàrá, kódà inú lífìtì. Ẹní tí wọ́n fi koríko hun ni, ó nípọn, ó tutù lẹ́sẹ̀, kì í sì í yọ̀. Fún ẹni tó ń bẹ̀rù àtiṣubú, ó dára ju tíláìsì dídán lọ fíìfíì.

Ibùsùn ibẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àwòrán tàn yín. Ó ga ju ilẹ̀ lásán lọ, tìmùtìmù rẹ̀ sì nípọn, ìyẹn ni màmá mi fi lè dá dìde tí wọ́n bá kọ́kọ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú pé orúnkún ń yọ màmá lẹ́nu.

Ó wá di ti ìwẹ̀. Àjà kẹtàdínlógún ni ibi ìwẹ̀ wà, fún àwọn tó sùn nílé náà nìkan. Omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ń dá ṣàn jáde bíi ti Ìkògòsì. Mítà 1,500 ni wọ́n gbẹ́ kí wọ́n tó bá a. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ ó tọ́ ọ wò bó bá kan ètè. Apá kan wà nínú ilé, apá kan wà níta, ògiri gíga yí i ká, òrùlé ò sí, ojú ọ̀run nìkan lẹ ó máa wò. Ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ìhòòhò ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ò lè tẹ̀lé màmá wọlé, ẹ̀gbọ́n mi, omi wà nílẹ̀ ibẹ̀, ooru sì pọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá nìkan wà níbẹ̀. Orí àpótí kékeré lèèyàn ti máa jókòó fi ọṣẹ wẹ̀ kó mọ́ kó tó wọ inú omi, àpótí yẹn gan-an sì rẹlẹ̀. Obìnrin ni èmi, nítorí náà èmi ni mo wẹ̀ fún màmá mi. Mi ò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nínú omi, mo sì fún wọn ní omi mu bí a ṣe jáde. Ojú kọ́kọ́ ń tì wọ́n. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tó wò wọ́n, wọ́n gbàgbé ìtìjú. Orúnkún yẹn fúyẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun kan tún wà. Tí màmá bá fín orúkọ sápá bí àwọn obìnrin ìgbà wọn ṣe ń ṣe, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ibi ìwẹ̀ ní Japan ni kì í gba ara fínfín láyè, nítorí àwọn ọmọ ìta wọn tó ń fín ara. Ti màmá mi wà lápá, mo ra bébà alẹ̀mọ́ aláwọ̀ ara ní kẹ́mísìtì, mo fi bò ó. Ilà ojú wọn, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan sí i.

Ní ti owó, ó sábà máa ń ju 100,000 yen lọ fún òru kan. Yàrá ni wọ́n ń kà, kì í ṣe orí ènìyàn, oúnjẹ sì wà lọ́tọ̀. Òru kan tó. Ẹ dé ní aago mẹ́ta ọ̀sán tí wọ́n ń gba àlejò, ẹ má jáde mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa rìn kiri ìlú látàárọ̀ dalẹ́ ń fowó ṣòfò níbẹ̀.

Bí màmá ò bá lè sún mọ́ ilẹ̀ rárá, Aman Tokyo wà nítòsí, láti 2014, yàrá 84 ni tiwọn náà, lókè Otemachi Tower. Ibùsùn gíga, àga gidi, ọpọ́n ìwẹ̀ olókùúta nínú yàrá. Ó dára, ṣùgbọ́n hòtẹ́ẹ̀lì ni. Kò sẹ́ni tó máa gba bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà. Bí owó ò bá sì tó èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ mú màmá lọ mu tíì ní hòtẹ́ẹ̀lì The Okura Tokyo. Wọ́n wó ti 1962, wọ́n sì ṣí tuntun ní 2019, ọmọ ẹni tó ya gbọ̀ngàn àbáwọlé ti àkọ́kọ́, Yoshio Taniguchi, ló tún un ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àwọn àtùpà tó so rọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Àga wà níbẹ̀ dáadáa.

Tí ẹ bá ń kọ̀wé sí Hoshinoya, ẹ fi kún un pé màmá kì í jẹ ẹja tútù, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹja yíyan, ìrẹsì àti ọbẹ̀ miso, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe, ni màmá mi jẹ láàárọ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.