Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Oògùn Tí Ènìyàn Kò Lè Fún Ara Rẹ̀

Lẹ́tà tí ó wọlé lórí ọ̀rọ̀ ikú àlòjù oògùn pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ní ipò kan nínú ìjọ Kristẹni tàbí nínú mọ́sálásí. Mo yan márùn-ún. Oògùn tí a ń bá wí ni ẹbí ọ́píọ́ìdì, ìyẹn morphine, codeine, tramadol, heroin, fentanyl àti àwọn ìbátan wọn, ìbáà jẹ́ dókítà ni ó kọ ọ́ fún ènìyàn tàbí ìgboro ni wọ́n ti rà á.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá Ìjọ ni mí. Láàárín ọdún kan, ọ̀dọ́ méjì ni a sin nínú ìjọ wa, oògùn ni ó sì pa àwọn méjèèjì. Mo dábàá pé kí a ní naloxone, ìyẹn ẹ̀rọ̀ fún àlòjù ọ́píọ́ìdì, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí a sì kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń lò ó, ṣùgbọ́n àwọn alàgbà kan kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó bá mọ̀ pé ẹ̀rọ̀ wà nílé kò ní bẹ̀rù májèlé mọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ìyá Ìjọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń pa ènìyàn gan-an, nítorí ibẹ̀ ni èsì wà. Apá ibi tí ó ń mú wa mí nínú ọpọlọ ni ọ́píọ́ìdì máa ń kùn lóorun. Èémí ẹni náà á máa dínkù, á máa jìnnà síra, títí tí afẹ́fẹ́ kò fi ní dé ọpọlọ mọ́. Ó lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àkókò yẹn náà sì ni ààyè tí àwa tí a wà nítòsí ní. Naloxone, tí wọ́n ṣẹ̀dá ní 1961, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí lílò rẹ̀ ní 1971, máa ń lé ọ́píọ́ìdì kúrò níbi tí ó fìdí mọ́ nínú ọpọlọ, tí èémí á sì padà, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Kì í mú ènìyàn yó bí ọtí, kì í sì í di bárakú. Bí ẹ bá ṣèèṣì fún ẹni tí kò lo ọ́píọ́ìdì rárá, kò ní pa á lára.

Ní ti pé ẹ̀rọ̀ ń lé ẹ̀rù lọ, ó dá mi lójú pé àwọn alàgbà yín kò tíì rí ẹni tí wọ́n fi naloxone jí rí. Mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni náà gbọ̀n, ó làágùn, ó bì, inú rẹ̀ ń lọ́, ó sì ń bínú sí gbogbo àwa tí a yí i ká. Kò sí ẹni tí ń fi irú ìyẹn ṣeré. Ṣùgbọ́n kókó tí mo fẹ́ kí ẹ gbé ka iwájú ìgbìmọ̀ kọ́ nìyẹn. Kókó náà ni pé ẹni tí ó ń kú lọ kò lè fún ara rẹ̀ ní naloxone, nítorí pé ó ti sùn lọ. Ẹlòmíràn ni yóò fún un. Ẹni tí ìtìjú bá mú kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí kò ní ẹ̀rọ̀ kankan, bí páálí mẹ́wàá tilẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ sì ni ibi tí irú ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù lọ.

Ìjà àwọn alàgbà yín kì í ṣe tuntun. Ní 1999, ní Sydney ní Ọsirélíà, ṣọ́ọ̀ṣì kan tí à ń pè ní Wayside Chapel ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí àwọn tí ó ń gún abẹ́rẹ́ heroin lè wá, kí wọ́n má baà máa kú nínú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Kò bófin mu nígbà náà, ọlọ́pàá sì wọ ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá gbà pé kí irú ibi bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ òfin, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì kan ni ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é, Vatican kò sì gbà fún wọn. Ìjọ Uniting Church ni ó tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣí i ní 2001. Ó ti lé ní 10,000 ìgbà tí ẹnìkan ti lo oògùn kọjá agbára ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹyọ ẹnìkan kò kú, nítorí pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ là. N kò sọ pé kí ẹ lọ ṣe irú rẹ̀. Ohun tí ẹ ń béèrè kéré sí i gidigidi, àwọn ẹlẹ́sìn bíi tiyín ni wọ́n sì ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá béèrè nọ́ńbà, ẹ sọ fún wọn pé Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní nǹkan bí 125,000 ènìyàn ni àlòjù ọ́píọ́ìdì pa lágbàáyé ní 2019, àti pé láti 2014 ni àjọ kan náà ti gbà wá nímọ̀ràn pé kí ẹnikẹ́ni tí ó ṣeé ṣe kí ó wà nítòsí nígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní naloxone lọ́wọ́, kí a sì kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbà ní oṣù kẹta 2023 kí a máa ta èyí tí a ń fín sí imú láìsí ìwé dókítà. Àwọn tí àlòjù oògùn gbogbo pa níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 108,000 ní 2022, ó sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 80,000 ní 2024. Ìdí rẹ̀ pọ̀, n kò sì ní fún naloxone nìkan ní ìyìn náà; ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ̀ bá ń mú ènìyàn jẹ májèlé sí i ni, òkè ni ìṣirò náà ì bá gbà lọ.

Èmi ni olórí àwọn tí ń gba èrò sójókòó nínú ìjọ wa. A ti ní naloxone báyìí, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀. Ní ìsọ́ òru, ènìyàn lè sùn lọ, ó lè ṣubú lábẹ́ ẹ̀mí. Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ̀ èyí tí oògùn fà? Ǹjẹ́ kò yẹ kí a kọ́kọ́ gbàdúrà?

Ẹni tí oorun lásán gbé lọ yóò jí bí ẹ bá fi ariwo pe orúkọ rẹ̀, tí ẹ sì fi oríkèé ìka yín ra egungun àárín àyà rẹ̀ tagbáratagbára. Bí kò bá jí, ẹ wo àyà rẹ̀: ṣé ó ń gòkè, ṣé ó ń sọ̀? Ẹ tẹ́tí sí ọ̀fun rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ máa ń han-anrun bí ẹni tí omi há lọ́fun, àwọn tí wọ́n wà nítòsí á sì rò pé oorun ń dùn ún ni. Ẹ wo ètè àti èékánná. Wọ́n á ṣú, tàbí kí wọ́n rí bí eérú lára ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Ẹ la ojú rẹ̀: ọmọlójú á ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ibi tí ó yẹ kí ẹ máa yẹ̀ wò jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè ti ilẹ̀kùn. Bí ẹnìkan bá wọ ibẹ̀ tí ó pẹ́, ẹ kàn án. Bí kò bá dáhùn, ẹ má tijú láti ṣí i.

Kí ẹnìkan pe nọ́ńbà pàjáwìrì ìlú yín lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnìkejì dá ẹni náà ní àyà sókè, kí ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kí ó ki ẹnu ìgò naloxone bọ ihò imú kan títí ìka rẹ̀ yóò fi kan imú ẹni náà, kí ó sì tẹ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má dán an wò kí ẹ tó lò ó o, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ó fín in sí afẹ́fẹ́ láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe máa mí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá kọjá tí kò sí àyípadà, ẹ fín òmíràn sí ihò imú kejì. Bí ó bá ti ń mí dáadáa, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dá a lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun. Ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má fún un ní ohunkóhun mu, ẹ má sì jẹ́ kí ó dá lọ, nítorí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ni naloxone fi ń ṣiṣẹ́, oògùn tí ó lò sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ara, kí ó tún gbé e lọ.

Ní ti àdúrà, ẹnu ni a fi ń gbà á, ọwọ́ ni a sì fi ń fín naloxone, nítorí náà kò sí èyí tí ó gbọ́dọ̀ dúró de èkejì. Àfi ẹni tí ó ń mí sí i lẹ́nu nìkan, ẹnu tirẹ̀ ti níṣẹ́.

Ọmọ mi ọkùnrin ti jẹ ìyà heroin fún ọdún mẹ́rin. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, dókítà fi í sórí buprenorphine, oògùn tí a fi ń tọ́jú bárakú heroin, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Pásítọ̀ wa wá ní kí ó jù ú nù, kí ó sì wá gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 ní àgọ́ àdúrà, pé ẹni tí ó fi oògùn lé oògùn kò tíì gba òmìnira. Ọmọ mi ti fẹ́ gbà. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ṣe àfojúdi sí ìránṣẹ́ Ọlọ́run.

Màmá, ẹ má jẹ́ kí ó jù ú nù. Nínú gbogbo lẹ́tà tí mo gbà, tiyín ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ara tí ó ti ń gba heroin lójoojúmọ́ ti mọ́ ọn. Ìwọ̀n tí ó lè pa ẹlòmíràn kò ní ju kí ó mú un rẹjú lọ. Bí ó bá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kúrò níbẹ̀, ara á gbàgbé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò ní gbàgbé. Bí òùngbẹ heroin bá wá dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìwọ̀n àtijọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ yóò bù, ìwọ̀n àtijọ́ yẹn sì ti di ikú. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n fi léwu tó bẹ́ẹ̀, tí ewu náà sì wà fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ibi ìtọ́jú tàbí àgọ́ tí wọn kò ti fún un ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ tí gbogbo ìjọ ń jó pé ó ti bọ́, ó ṣeé ṣe kí ó má tíì sún mọ́ ikú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ti fentanyl tí wọ́n ń pò mọ́ ọn nígboro tún burú sí i, nítorí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po àádọ́ta ti heroin.

Buprenorphine àti methadone ń jókòó sí ibi tí heroin ì bá jókòó, wọ́n ń pa òùngbẹ náà, ara kò sì ní gbàgbé. Láti 2005 ni WHO ti kà wọ́n mọ́ àwọn oògùn kò-ṣeé-máà-ní, ìwádìí lórí ìwádìí sì fi hàn pé ikú láàárín àwọn tí wọ́n dúró tì í dínkù tó ìdajì. Pásítọ̀ tí ó ń fi awò ojú ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò tíì sọ fún yín pé ojú òun kò tíì gba ìwòsàn.

Ẹ kò ní ṣe àfojúdi. Ẹ lọ bá a ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dé ọ̀dọ̀ dókítà rẹ̀.” Ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ni ọ̀rọ̀ dókítà tí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ti yí lọ́kàn padà. Bí ó bá fẹ́ kí ọmọ náà gbààwẹ̀ síbẹ̀, dókítà lè sọ bí ó ṣe lè máa lo oògùn rẹ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ sì wà fún pásítọ̀ tí dókítà kò lè ṣe: kí ó máa pe ọmọ yín lálaalẹ́, kí ó fi í sínú ẹgbẹ́ akọrin. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ó wà lórí methadone gbọ́dọ̀ lọ mu ún ní ilé ìwòsàn ní àràárọ̀, mo sì mọ ẹni tí ó fi í sílẹ̀ nítorí owó ọkọ̀ lásán. Ìjọ tí ó bá ní bọ́ọ̀sì kò níláti wá iṣẹ́ míì kiri.

Kí naloxone sì wà nínú ilé yín, kí ẹ̀yin àti àwọn àbúrò rẹ̀ mọ ibi tí ó wà.

Àsàláámù àlékùm. Lèmọ́ọ̀mù ni mí. Ìdílé kan bẹ̀ mí pé kí n má sọ ohun tí ó pa ọmọ wọn níbi ìsìnkú. N kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rántí pé mo ti pe àwọn ajoògùn ní ẹni ègbé nínú wáàsí Jímọ́ọ̀, bàbá ọmọ náà sì wà ní sáàfù iwájú.

Wà àlékùm sàláámù, Àáfà. Ẹ ṣe ohun tí ó tọ́ níbi ìsìnkú. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ẹbí ni ó ni ín. Wáàsí yẹn ni ó kù láti tún ṣe. Ọmọ náà lè ti gbọ́ ọ, tàbí kí bàbá rẹ̀ ti gbọ́ ọ kí ó sì pinnu pé òun kò ní lè bá yín sọ ọ́ láé. Ẹ lè sọ pé oògùn jẹ́ èèwọ̀ láì sọ pé ẹni tí ó bọ́ sí i ti ṣègbé. Bí ẹ bá ń wá ọjọ́ tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ni ọjọ́ ìrántí àwọn tí àlòjù oògùn pa káàkiri àgbáyé. Òṣìṣẹ́ Salvation Army, tí í ṣe ìjọ Kristẹni, ni ó dá a sílẹ̀ ní Melbourne ní 2001. Ẹ ṣe àdúrà fún gbogbo òkú láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì sọ fún àwọn alààyè pé ilẹ̀kùn yín ṣí sílẹ̀ lóru.

Akápò wa ti naloxone mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì kí wọ́n má baà jí i. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Kò dára. Akápò lè ti lọ sílé. Ẹ gbé e kọ́ sí ara ògiri nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó má wà nínú oòrùn tàbí nínú ọkọ̀ tí ooru ń mú, kí ẹ máa yẹ ọjọ́ tí yóò pẹ́jú wò, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà síbẹ̀ kí àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ìjọ lè rí i. Bí wọ́n bá jí i, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó jí naloxone ní ẹnìkan lọ́kàn tí ó fẹ́ lò ó fún.