Kí ló dé tó fi jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ gbilẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ ìtàn ni mí n'Íbàdàn. Àwọn ọmọ SS2 ń bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Mo ní èédú inú ilẹ̀ ni, kò yé wọn. Báwo ni kí n ṣe là á yé wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ẹ má ti ibi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, ibi igi ìdáná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí èédú inú ilẹ̀ tó gbòde, bí a bá yọ afẹ́fẹ́ àti odò kúrò, orí ilẹ̀ ni gbogbo agbára ti ń hù: iṣu tí àgbẹ̀ jẹ kó tó roko, koríko tí ẹṣin jẹ, igi tí alágbẹ̀dẹ ń dá. Ilẹ̀ tí ẹ bá sì fi sílẹ̀ fún igi, ẹ ò lè gbin oúnjẹ síbẹ̀ mọ́. Ẹ dúró pẹ́ níbí, torí bí èyí bá yé wọn, ìyókù ti rọrùn.

Ní nǹkan bí 1550 sí 1600, igi ìdáná wọ́n gógó ní London, wọ́n wá ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èédú wá láti Newcastle, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èédú yìí kì í du ilẹ̀ mọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ bí igi. Bí wọ́n ṣe ń wa ihò èédú jinlẹ̀ sí i ni omi ń kún un. Ní 1712, Thomas Newcomen gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ nítòsí Dudley, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń fi ooru omi híhó fa omi náà jáde. Àjẹkì ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ èédú, kò fi bẹ́ẹ̀ pé ẹnikẹ́ni láti lò ó níbòmíràn yàtọ̀ sí ẹnu ihò. James Watt, tó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí àtúnṣe tó ṣe sí ẹ̀rọ náà ní 1769, ló dín jíjẹ rẹ̀ kù, tí ẹ̀rọ fi wọ ilé ìhunṣọ. Ẹni bá ní ọgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló ju tàwọn yòókù lọ, n kò gbà: igi tó wọ́n àti omi inú ihò ló sún wọn débẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti ń dáná èédú tipẹ́ kó tó dìgbà náà.

Àwọn ènìyàn tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ka èrò ní 1851, àwọn ará ìlú ti ju ará oko lọ ní England àti Wales. Ẹ má fi ìyà ibẹ̀ pamọ́ fún wọn: ọdún 1842 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí obìnrin àtàwọn ọmọkùnrin tí kò tó ọdún mẹ́wàá yé ṣiṣẹ́ nínú ihò èédú.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá níhìn-ín pẹ̀lú. Epo pupa tí àwọn ìyá wa ń fún wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti gírísì àgbá ọkọ̀ ojú irin lọ́hùn-ún, òwò epo yìí sì wà lára ohun tó mú Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861.

Kí ẹ tó wọ kíláàsì, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè iye wákàtí tó fi ń ṣẹ́gi lọ́sẹ̀ kan nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ kọ iye náà sójú pátákó kí ẹ tó dárúkọ Newcomen rárá.