Ìjàpá tí wọ́n pa tì fún ọdún 8: ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì í

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní Ìjàpá bàbá yín, Volkswagen 1500, ti wà ní gàráàjì láti ọdún 8, àti pé mẹkáníìkì ní kí ẹ ra bátìrì tuntun, kí àwọn ọmọ àdúgbò wá tì í títí yóò fi gbiná. Ẹ má gbà. Ọ́ìlì ti ṣàn kúrò lára sílíńdà tipẹ́, ríìngì písítìnì inú rẹ̀ sì lè ti lẹ̀ mọ́ irin tó dógùn-ún. Bí ẹ bá fi gíà wọ́ ọ dìde, ríìngì lè ṣẹ́, ẹ ó wá máa wá owó àtúnṣe ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọ nọ́ńbà sára wáyà wọn, torí 1-4-3-2 ni iná fi ń tò. Sílíńdà Ìjàpá kò nàró, ńṣe ló dùbúlẹ̀. Ọ́ìlì tí ẹ bá kàn dà sí i, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa gbá jọ sí. Ẹ fi agolo ọ́ìlì ẹlẹ́nu gígùn fún un sí apá òkè, nǹkan bí ṣíbí ìjẹun 1 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ yọ ọ́ kúrò ní gíà, ẹ fi sípánà 30 sí bóòtù púlì ńlá ìsàlẹ̀, ẹ rọra yí i sí ọ̀tún. Bó bá kọ̀, ẹ má fi páìpù fa sípánà gùn. Ẹ tún ọ́ìlì fún, ẹ dúró ọjọ́ 2 sí i. Bó bá ti yí ẹ̀ẹ̀mejì gbáko, ẹ ṣí ìdérí fáfù, ẹ wò bóyá èyíkéyìí há, kí ẹ tún àlàfo wọn ṣe sí 0.15 mm nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù.

Ọ́ìlì 2.5 lítà péré ló ń gbà. Kò ní fíltà oníwèé. Asẹ́ wáyà kan ló wà nísàlẹ̀ tí nọ́ọ̀tì kéékèèké 6 dì mú. Ẹ fọ asẹ́ náà, ẹ lo gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ má sì fún nọ́ọ̀tì yẹn pa, torí magnesium ni ara ẹ́ńjìnnì, ó tètè ń jẹ.

Eku wá ńkọ́? Ìjàpá kò ní omi, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára, inú ilé fáánù sì ni eku fẹ́ràn láti kọ́ ìtẹ́ sí. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wò ó dáadáa. Bí ìtẹ́ bá dí i, sílíńdà nọ́ńbà 3 ló máa ń kọ́kọ́ jóná.

Bẹntiróòlù ọdún 8 kò wúlò mọ́. Ẹ dà á nù, ẹ ṣan táǹkì títí ìdọ̀tí pupa kò fi ní jáde mọ́. Gbogbo họ́ọ̀sì epo ni kí ẹ pààrọ̀, kì í ṣe èyí tó ń jò nìkan; tí ẹ bá ń rà á ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán. Èyí tó wà lókè ẹ́ńjìnnì nítòsí wáyà púlọ́ọ̀gì ló ń sun Ìjàpá. Ẹ tú kábúrétọ̀, ẹ fi afẹ́fẹ́ fọn jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá. Ẹ má fi wáyà gún un. Kọ́ntáàtì inú dìsìtíríbútọ̀ (ibi tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì) tó bá ti ṣú, ẹ fi sáńpépà ha á, kí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.4 mm.

Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà. Ẹ fi rọ́bà bo orí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹni tó sanra bá jókòó, sípíríìnì àga á kan bátìrì, iná á sọ. Ẹ fa wáyà kọ́ìlì yọ, kí púlọ́ọ̀gì ṣì wà níta, ẹ wá ṣíná fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe, títí iná ọ́ìlì iwájú awakọ̀ yóò fi kú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ tó lè dá gbogbo rẹ̀ padà kí ẹ tan án.

Kó tó kúrò lójú kan, ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì bírékì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú wọn ló ń wú: ẹ tẹ bírékì, ó mú, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, kò tú. Ẹ da omi bírékì àtijọ́ nù pátá, DOT 4 ni kí ẹ fi sí i. Táyà tí nọ́ńbà 4 ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá parí sí 15, ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Bó ti wù kó dán tó, ẹ sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn 500 kìlómítà, ẹ tún pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ẹ sì ṣí asẹ́ yẹn wò.