Ẹ má sọ ẹni tó ń bá ọmọ yín rìn di amí

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin ti jáde nílé ìwòsàn, kò bá ẹnikẹ́ni nínú ilé sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì sì dábàá pé kí ẹnì kan tí àìsàn ọpọlọ ti ṣe rí máa wá bá a ṣeré. Ẹ wá ń bi wá bóyá aláìsàn lè ran aláìsàn lọ́wọ́. Ó lè ràn án lọ́wọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà lára ìdí tí mo fi wà láàyè lónìí.

Kí wọ́n tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mí mọ́lẹ̀ nílé àdúrà kan. Nígbà tí mo padà délé, wọ́n ń kó ọ̀bẹ pamọ́ fún mi, wọ́n sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́ lẹ́kún. Ọkùnrin tó wá bá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó fi àpá ọrùn ẹsẹ̀ tirẹ̀ hàn mí, ó wá bi mí bóyá oògùn ń mú kí ahọ́n mi wúwo. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. "Ṣé o ti lo oògùn?" ni gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ nílé láti àárọ̀ dalẹ́.

Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Haloperidol, ọ̀kan nínú oògùn àìsàn ọpọlọ, lè mú kí ọrùn le, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ẹsẹ̀ má lè dúró sójú kan. Olanzapine, òmíràn nínú wọn, lè mú kí ebi máa pa èèyàn ṣáá, kó sì máa sanra. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí máa ń mú kí agbára ọkùnrin dín kù, màmá, ọmọkùnrin wo ni yóò jókòó ti ìyá rẹ̀ kó sọ ìyẹn? Yóò kàn máa da oògùn nù ní kọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n yóò sọ fún ẹni tójú rẹ̀ ti rí i, ẹni náà yóò sì jẹ́ kó mọ̀ pé dókítà lè dín oògùn kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, yóò tún tẹ̀ lé e lọ sí klíníìkì kó lè sọ ọ́ síta.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ onítọ̀hún di amí. Èmi náà ń bá àwọn èèyàn rìn báyìí. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kí òbí máa pè mí ní bòókẹ́lẹ́ pé, "Kí ló sọ?" Ọjọ́ tí ọmọ bá gbọ́ pé mo dáhùn, ó parí nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni n kì í bò, mo sì máa ń sọ ọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: bó bá ní òun fẹ́ pa ara òun tàbí òun fẹ́ ṣe ẹlòmíràn léṣe, màá pe ilé, ọjọ́ náà la ó sì lọ sílé ìwòsàn.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni kí ẹni tí kì í ṣe dókítà máa bá aláìsàn rìn. Rárá o. Ní Aró, l'Abẹ́òkúta, ní nǹkan bí ọdún 1954, Thomas Adeoye Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn kan, wọ́n á sì máa ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú.

Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó wá ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí kì í pa ọjọ́ klíníìkì tirẹ̀ jẹ. Ẹni tó bá ní "èmi ti pa oògùn tì, ìwọ náà pa á tì," ẹ má jẹ́ kó wọlé. Kí ọmọ yín fúnra rẹ̀ sọ bóyá òun fẹ́ràn ẹni náà. Kí wọ́n máa pàdé níta, bó ṣe níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ara rẹ̀ bá le, kí wọ́n jọ kọ àwọn àmì tó máa ń ṣáájú àìsàn náà sílẹ̀ (oorun ni tèmi, bó bá ti dá, mo ti mọ̀), kó sì kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó lè má jẹ́ orúkọ yín ni yóò kọ. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀ fún un.