Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ Wo Òkun Kẹ́ Ẹ Tó Wo Yàrá

Ìsinmi etíkun ni lẹ́tà tó pọ̀ jù lóṣù yìí dá lé. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, hòtẹ́ẹ̀lì lẹ kọ́kọ́ yàn, ìgbà tẹ́ ẹ sanwó tán lẹ wá ń béèrè bí òkun ṣe rí. Oṣù tẹ́ ẹ máa lọ àti ìhà tí etíkun náà kọjú sí ló yẹ kó ṣáájú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ń gbèrò ọjọ́ mẹ́wàá ní erékùṣù kan ní Caribbean, nínú oṣù kẹsàn-án. Owó yàrá fi púpọ̀ dín sí ti oṣù kejì. Kí ló dé tó fi pọ́ọ́kú báyìí?

Ìdáhùn: Ìjì ni, mà. Àsìkò ìjì líle lórí òkun Àtìláńtíìkì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ó parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Àárín oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹwàá ló máa ń gbóná jù, torí pé ooru inú omi ni ìjì ń jẹ yó, òkun sì ti fi gbogbo oṣù tó ṣáájú yá oòrùn.

Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Ẹ lè yí erékùṣù padà: Aruba, Bonaire àti Curaçao wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún nítòsí Fẹnẹsúẹ́là, ìjì kì í sáábà gba ibẹ̀ kọjá. Tó bá sì jẹ́ pé èyí tẹ́ ẹ ti yàn lẹ fẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá san owó àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ra ìwé adójútòfò ìrìn àjò. Tí wọ́n bá ti sọ ìjì kan lórúkọ kẹ́ ẹ tó rà á, ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni adójútòfò máa kà á sí, wọn ò ní san nǹkan kan lórí rẹ̀. Ẹ tún ka ọ̀rọ̀ ìfagilé nínú àdéhùn hòtẹ́ẹ̀lì dáadáa. "A ó dá owó yín padà" kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú "ẹ lè wá nígbà míì."

Koríko òkun tí wọ́n ń pè ní sargassum náà ń bẹ, kì í sì í hàn nínú fọ́tò ìpolówó. Láti ọdún 2011 ló ti ń ya wọ etíkun Caribbean ní rẹpẹtẹ, pàápàá láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹjọ. Tó bá jẹrà sórí iyanrìn, bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ló ń rùn. Ìhà ìlà oòrùn erékùṣù ló ń gbà á jù, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbé e wá. Ìhà ìwọ̀ oòrùn erékùṣù kan náà lè mọ́ tónítóní.

Ìbéèrè: Nínú àwòrán etíkun Zanzibar tí mo rí, omi kún dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ọ̀rẹ́ mi tó lọ ní òun rìn títí, omi ò kọjá kókósẹ̀ òun. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì ò parọ́. Nǹkan bíi wákàtí méjìlá ààbọ̀ ló wà láàárín ìgbà tí òkun kún àti ìgbà tó tún máa kún. Tó bá fi aago mẹ́fà àárọ̀ kún lónìí, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di aago méje kó tó kún lọ́la. Ní ìhà ìlà oòrùn Zanzibar, bíi Paje àti Jambiani, ilẹ̀ abẹ́ omi tẹ́jú bí ẹní, nítorí náà tí òkun bá fà, ó máa ń lọ jìnnà réré. Nígbà oṣù tuntun àti oṣù àrànmọ́jú ló ń fà jù, òun náà ló sì ń kún jù. Ẹ wá àtẹ ìkún òkun fún ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ọ̀sán ni omi máa kún àbí òru tẹ́ ẹ bá ti sùn. Ẹni tó bá fẹ́ máa wẹ̀ nígbà tó bá wù ú, kó wo Nungwi tàbí Kendwa lápá àríwá. Ẹ mú bàtà rọ́bà tẹ́ ẹ lè wọ̀ sínú omi dání, torí ẹran òkun ẹlẹ́gùn-ún kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀gún rẹ̀ máa ń kán sínú àtẹ́lẹsẹ̀. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún lòjò ńlá wọn.

Ìbéèrè: Aago méje alẹ́ ni bàálù wa máa balẹ̀ ní Maldives. Hòtẹ́ẹ̀lì ní bàálù tó ń bà sórí omi ló máa gbé wa dé erékùṣù wọn. Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Kò tiẹ̀ ní gbéra. Ojúmọmọ nìkan ni bàálù orí omi ń fò níbẹ̀. Ẹ máa sùn nítòsí pápákọ̀ òfuurufú mọ́jú, owó oorun ọjọ́ kan lórí erékùṣù tẹ́ ẹ ti san lè lọ síbẹ̀. Ẹ wá bàálù tó ń balẹ̀ láàárọ̀ tàbí ní ìyálẹ̀ta, tàbí erékùṣù tí ọkọ̀ ojú omi ń dé, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yẹn ń rìn lálẹ́. Ẹ béèrè bóyá owó ọkọ̀ yìí wà nínú owó yàrá, nítorí iye èèyàn ni wọ́n fi ń kà á. Tẹ́ ẹ bá sì rí àmì ++ lẹ́yìn iye owó, ó túmọ̀ sí pé owó iṣẹ́ àti owó orí ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìpara tó ń gbani lọ́wọ́ oòrùn, igo mélòó ló máa tó àwa méjì fún ọjọ́ méje?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ara àgbàlagbà kan látòkè délẹ̀ ń gba nǹkan bíi mílílítà 30, ìyẹn ẹ̀kún kòtò àtẹ́lẹwọ́. Wákàtí méjì-méjì lẹ ó máa tún un pa, àti nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá nura lẹ́yìn ìwẹ̀. Wákàtí mẹ́rin nínú oòrùn lójúmọ́ ń lọ sí mílílítà 60, ọjọ́ méje jẹ́ 420, ti ẹ̀yin méjì jẹ́ 840. Igo oní-200 mẹ́rin ò tó, ẹ mú márùn-ún. Ẹ̀wù ìwẹ̀ alápá gígùn lè dín in kù sí nǹkan bí ìdajì.

Ẹ má da ara yín láàmú lórí nọ́ńbà SPF ara igo, tó ń sọ bí ìpara náà ṣe lágbára tó. SPF 30 ń dá nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 ìtànṣán oòrùn tó ń sunni lára (UVB) dúró, 50 ń dá 98. Àwọn tó pa á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni oòrùn ń sun. Tó bá gbẹ tán lẹ tó lè fi ìpara ẹ̀fọn lé e, torí ẹ̀fọn tó ń gbé ibà dengue kiri, ọ̀sán ló ń jẹni. Inú ẹrù abẹ́ bàálù ni kí àwọn igo náà wà. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ò jẹ́ kí olómi tó ju mílílítà 100 wọ àpò ọwọ́. Ní Hawaii, láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2021, òfin ò gbà kí wọ́n ta ìpara oòrùn tó ní kẹ́míkà oxybenzone tàbí octinoxate nínú, nítorí ìpalára tó ń ṣe fún iyùn abẹ́ òkun.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè gbé agolo afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ òkun láàárọ̀ ọjọ́ tá a máa padà?

Ìdáhùn: Rárá o. Nitrogen, ọ̀kan nínú afẹ́fẹ́ tá à ń mí símú, tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ omi máa ń hó bí ìfófó tí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ bá dín kù nínú bàálù, ó sì lè rọni lápá rọni lẹ́sẹ̀. Ẹni tó wọ omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó dúró fún wákàtí 12 ó kéré tán kó tó wọ bàálù. Ẹni tó wọ̀ ọ́ léraléra, wákàtí 18.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ràn ṣòkòtò aláwọ̀ ṣọ́jà, òun ló sì fẹ́ wọ̀ lọ sí Barbados.

Ìdáhùn: Ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Òfin Barbados ò gba aṣọ aláwọ̀ ṣọ́jà lára ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ṣọ́jà, títí kan ọmọdé. Ẹ wo àpò ẹ̀yìn àti fìlà rẹ̀ náà.