Ṣé Lóòótọ́ Ni Òkúta Ń Ṣàn Nísàlẹ̀ Ilẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkúta ìkọ́lé ni mò ń tà n'Ílọrin. Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì ní òkúta ń ṣàn nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ kò yọ́. Ó tún ní bí hóró inú rẹ̀ bá ṣe ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni ìṣàn rẹ̀ á máa falẹ̀. Àbí ó ń fi mí ṣeré ni? — Bàbá Olókùúta.

ÌDÁHÙN: Ọmọ yín ò parọ́, Bàbá. Èmi tí mo ti ru òòlù káàkiri Ìfẹ́lódùn, mábù Oreke ni màá fi hàn yín. Ẹ fọ́ ọ kan, kí ẹ gbé ojú ibi tó fọ́ sí oòrùn. Ohun tó ń kọ mànà yẹn, hóró ni. Òkúta ẹfun ni tẹ́lẹ̀. Ooru abẹ́ ilẹ̀ ló mú kí hóró ńlá máa gbé kékeré mì.

Ìpele òkúta tó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mantle, jìn tó 2,890 kìlómítà. Láti 660 kìlómítà lọ sísàlẹ̀, ohun àlùmọ́nì kan tí wọ́n ń pè ní bridgmanite ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀ kan wà tí kì í gba inú omi kọjá, àmọ́ ó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìyẹn la fi mọ̀ pé kò yọ́. Síbẹ̀, ó ń rìn, ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ́dún.

Báwo? Átọ́ọ̀mù ló ń ṣí kúrò níbi tí ìnira ti pọ̀ nínú hóró lọ síbi tó ti dẹ̀. Bí hóró bá kéré, ọ̀nà ò jìn. Bó bá fi ìlọ́po 10 tóbi sí i, ìṣàn á fi ìlọ́po 100 falẹ̀; bó bá jẹ́ etí hóró nìkan ni átọ́ọ̀mù ń gbà, ó di 1,000. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣe ìṣirò yẹn fún yín, kí owó ilé ìwé má ṣòfò.

Nígbà tí òkúta tútù láti òkè bá rì kọjá 660 kìlómítà, ohun àtijọ́ inú rẹ̀ á tú ká, á di bridgmanite àti ohun àlùmọ́nì mìíràn tó ń jẹ́ ferropericlase, hóró tuntun, kíkéré. Àwọn méjèèjì máa ń dínà fún ara wọn, wọn kì í tètè dàgbà. Ṣùgbọ́n níbi tí bridgmanite bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wà, kò sí ohun tó máa dá hóró rẹ̀ dúró, á máa tóbi sí i. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ pé èyí lè jẹ́ ìdí tí ìṣàn fi ń le sí i ní nǹkan bí 1,000 kìlómítà.

Àlàyé wọn wọ̀ mí létí. Àmọ́ ìwọ̀nba wákàtí tàbí ọjọ́ ni wọ́n lè fi tẹ hóró nínú ẹ̀rọ. Ilẹ̀ ní tirẹ̀ ń ka àìmọye mílíọ̀nù ọdún.